Bí Sípíkà Márààrún àti Wúfà Yín Ṣe Máa Ṣiṣẹ́ Pọ̀ Nínú Pálọ̀ Èkó

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ló wà ní Èkó, láti Ṣúrúlérè títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, tí sípíkà márùn-ún àti wúfà kan pé síbẹ̀, tó sì jẹ́ pé méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn á dákẹ́, tàbí kí wọ́n máa tún ohun tí ti iwájú ń sọ sọ. Tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹ ó gbé ohùn sókè, ìbọn á dún, ọmọ tó ń sùn á ta jí, ẹ ó tún sáré wá rìmóòtù láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn á wá gbà pé ọjà tí àwọn rà kò dára, wọ́n á tún kó owó lọ sí Alábà láti ra èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun kan náà á sì tún ṣẹlẹ̀.

Nínú ilé tí mo ti bá wọn tò ó, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjà fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà láti tẹlifíṣọ̀n tàbí dìkódà dé inú áńpù ló sábà máa ń dí, sípíkà àárín sì sábà máa ń wà níbi tí kò yẹ. Orí ohun méjì yìí ni màá pẹ́ sí jù.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Home theatre tàbí áńpù 5.1. Áńpù ni màá máa pe ẹ̀rọ tí gbogbo sípíkà ń so mọ́, ìbáà ní ibi tí wọ́n ń ki díìsì bọ̀, ìbáà má ní. 5.1 ni sípíkà márùn-ún àti wúfà kan.
- Wáyà sípíkà tó jẹ́ kọ́pà, 1.5 mm². Ẹ wọn ilé kí ẹ tó lọ rà á. Ti sípíkà ẹ̀yìn máa ń gùn ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí ìdí ògiri ló máa gbà.
- Wáyà HDMI kan, tàbí wáyà optical. Èyí tí kò wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.
- Téèpù ìwọ̀n, okùn, ọ̀bẹ kékeré, báttìrì AA kan, àti fóònù tí ẹ ti fi áàpù tó ń wọn ariwo ní dB sí.

Ẹ tún nílò ẹnìkejì tó máa dúró ti áńpù nígbà tí ẹ bá jókòó. Ẹni tó ń dá a ṣe ló máa ń fi etí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣèdájọ́ ohun tí etí orí àga ló yẹ kó dá.

Kí ẹ tó ki í bọ iná

Ẹ yí ẹ̀yìn áńpù sójú, kí ẹ ka àkọlé rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 220–240V tàbí 100–240V, ó bá iná wa mu. Tí wọ́n bá kọ AC 120V 60Hz, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni, iná 230V ilẹ̀ wa á jó o lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra transformer tó ń sọ iná di 110V fún un, kí wáàtì transformer náà sì ju wáàtì tó wà lára àkọlé áńpù lọ dáadáa. Àwọn sìtàbìláísà kan ní sọ́kẹ́ẹ̀tì 110V lẹ́yìn. Ẹ ka iye wáàtì tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lè gbé kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Àkọlé yìí kan náà ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ tàn yín jẹ lọ́jà. Páálí lè pariwo 10,000W PMPO, nọ́ńbà ìpolówó tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ tóbi lójú. Tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá sọ pé 80W ló ń jẹ, kò sí ibi tó ti máa rí ẹgbàárùn-ún wáàtì mú jáde. Iye RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa mú jáde láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ béèrè.

Ẹ so áńpù mọ́ sìtàbìláísà tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó tú iná sílẹ̀ tí NEPA bá mú un dé. Kí tẹlifíṣọ̀n, dìkódà àti áńpù gba iná láti orí extension kan ṣoṣo, èyí ń dín ariwo “hùùù” tó ń ti inú sípíkà jáde kù. Tí ariwo yẹn bá jẹ́ orí ínfátà nìkan lẹ ti ń gbọ́ ọ, irú iná tí ínfátà náà ń ṣe ló fà á, ẹ má tú áńpù wò.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tàn án láìtíì so sípíkà kankan mọ́ ọn, kí ẹ fi í sílẹ̀ bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí kò bá sí òórùn jíjó, tí kò sì kú fúnra rẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìjókòó àti àyè sípíkà

Pálọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni ti fúláàtì oníyàrá méjì tó wọ́pọ̀ ní Ṣúrúlérè tàbí Yaba: bíi fíìtì 12 sí 14, tẹlifíṣọ̀n lára ògiri kan, àga gígùn lára ògiri tó kọjú sí i. Tó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo lẹ ní ní Ọbáléndé, ọ̀rọ̀ náà kàn yín bákan náà, gbogbo rẹ̀ á kàn sún mọ́ra ni.

Ẹ mú ìjókòó kan, èyí tí ẹ fi ń wòran jù. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ti máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fa àga náà kúrò lára ògiri bíi fíìtì 2.

*Sípíkà iwájú méjèèjì.* Kí àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlàfo láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé orí yín. Tí wọ́n bá jìnnà sí yín ní mítà 2.5, kí wọ́n fi mítà 1.9 sí 2.5 jìnnà síra wọn. Ẹ kọ ojú wọn sí ìjókòó. Kí ibi tí ohùn tín-ínrín ti ń jáde lára wọn ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó, ìyẹn bíi mítà 1 sí ilẹ̀. Ẹ má gbé wọn kọ́ igun àjà bíi ti ilé ọtí. Ní ilé ọtí, wọ́n fẹ́ kí orin kárí gbogbo ènìyàn. Nínú pálọ̀, a fẹ́ kí ohùn ti ibi tí àwòrán wà jáde.

*Sípíkà àárín.* Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ọ̀lẹ níbì kan, kó má jẹ́ ibí. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe ohùn rẹ̀ sí 5.1, inú sípíkà yìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ń gbà jù lọ. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, sípíkà yìí ni kó kọ́kọ́ bi. Kí ó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an, tàbí lórí rẹ̀, ní àárín. Ẹ fà á síwájú títí tí imú rẹ̀ á fi bá etí pẹpẹ dọ́gba, nítorí tó bá wọnú, pẹpẹ náà á máa ju ohùn padà. Tó bá wà nísàlẹ̀ etí yín, ẹ fi rọ́bà tàbí páálí tín-ínrín há abẹ́ imú rẹ̀ kó gbójú sókè wò yín. Mo máa ń rí i tí wọ́n ki í bọ inú show glass, tí wọ́n tún ti gíláàsì náà, tàbí tí wọ́n fi pa mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí pálọ̀ lè fani mọ́ra. Ohùn á wá dà bí ti ẹni tó ki orí bọ ìkòkò sọ̀rọ̀, kò sì sí bọ́tìnnì kankan lára rìmóòtù tó lè tún un ṣe.

*Sípíkà ẹ̀yìn.* Ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bọrọgidi, kí ẹ wá fà wọ́n sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí ìka yín ń nà sí ni kí wọ́n wà. Tí a bá ka iwájú gangan sí 0°, ó bọ́ sáàárín 100° sí 120°. Kí wọ́n ga ju etí lọ díẹ̀, bíi fíìtì 2. Tí àga kò bá lè kúrò lára ògiri, ẹ kan wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n kọjú síra wọn. Ẹ má gbé wọn sẹ́yìn orí yín gangan. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nítorí wáyà kò dé ẹ̀yìn. Ẹ fi owó díẹ̀ kún wáyà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ so okùn mọ́ orí ìjókòó, ẹ nà á dé sípíkà iwájú òsì, kí ẹ gbé okùn kan náà lọ sí ti ọ̀tún. Kí gígùn rẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kí ẹ wò ó bóyá ẹ rí ojú sípíkà mẹ́ta iwájú láìsí fáànù, òdòdó tàbí tábìlì tó dí wọn.

Ìgbésẹ̀ 2: Wáyà

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà. Tí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ kọ́pà, alumíníọ́mù ni wọ́n fi kọ́pà bò. Ó máa ń tètè já níbi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, agbára á sì máa ṣòfò nínú rẹ̀. Kọ́pà gidi á pupa láti òde dé inú.

Ẹ bó orí wáyà bíi sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ lọ́ ọ pọ̀ dáadáa. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lára áńpù àti lára sípíkà. Wáyà méjì tó lẹ̀ mọ́ra máa ń ní ìlà lára ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ onílà di pupa níbi gbogbo, kí ẹ má yí i padà. Tí ẹyọ fọ́nrán wáyà kan bá yọ láti pupa kan dúdú, áńpù á kọ PROTECT, á sì kú.

Tí wáyà kò bá ní ìlà, ẹ lo báttìrì AA. Ẹ yọ wáyà náà kúrò lára áńpù, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ méjèèjì kan báttìrì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹnìkejì máa wo ojú sípíkà. Tó bá tì síwájú, èyí tó kan ẹ̀gbẹ́ + ni pupa. Tó bá wọnú, ẹ yí i. Sípíkà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀ máa ń pa ohùn àárín àti báàsì, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń kó sípíkà home theatre tó ti kú sára áńpù mìíràn: ẹ wo àmì Ω (ohm, ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná). Tí sípíkà bá jẹ́ 3Ω, tí ẹ̀yìn áńpù sì béèrè 6Ω sókè, ẹ má so wọ́n. Ó lè kọ́kọ́ dún, ṣùgbọ́n áńpù á máa gbóná títí tá á fi jó.

Ẹ mú wáyà gba inú trunking, ike tí wọ́n ń fi bo wáyà, tí àwọn oníná ń tà. Eku ìlú yìí fẹ́ràn wáyà tó wà nílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wá Test Tone lórí áńpù. Ariwo bíi ti òjò á máa ti ọ̀dọ̀ sípíkà kan bọ́ sí òmíràn, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa hàn. Tó bá sọ pé ọ̀tún ẹ̀yìn, kó ti ọ̀tún ẹ̀yìn wá. Tí gbogbo wọn bá dún níbí, sípíkà àti wáyà yín dára. Tí ẹ̀yìn bá tún wá dákẹ́ nígbà fíìmù, ẹ má pe oníṣẹ́. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni wàhálà náà wà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ áńpù

Wáyà pupa àti funfun tó máa ń wà nínú páálí, ohùn méjì péré ló lè gbé, òsì àti ọ̀tún. Bluetooth láti orí fóònù náà, méjì ni. Ohùn mẹ́fà kò lè gba ibẹ̀ kọjá, bó ti wù kí áńpù yín wọ́n tó. Ìdí nìyí tí sípíkà ẹ̀yìn fi ń dákẹ́ nínú ilé tó pọ̀ jù.

Ẹ yan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta.

*HDMI ARC.* ARC ni ọ̀nà tí ohùn ń gbà padà láti tẹlifíṣọ̀n wá sínú áńpù nínú wáyà HDMI. Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, HDMI kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní àkọlé ARC. Ẹ wá a, wáyà kò ní gbé ohùn jáde láti ojú ihò mìíràn. Lára áńpù, HDMI OUT ni ẹ máa kì í bọ̀. Ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú, nítorí wọ́n rò pé ohùn ń wọlé, IN ló yẹ kó jẹ́. OUT ni. Ẹ wá lọ tan CEC, èyí tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n àti áńpù máa bára wọn sọ̀rọ̀, nínú Settings tẹlifíṣọ̀n. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ń pè é ní Bravia Sync. Tí ọlọ́jà bá ní kí ẹ fowó kún un fún eARC, irú ARC tuntun tó lè gbé ohùn tó pọ̀ jù, ẹ mọ̀ pé ARC lásán tó fún Netflix àti dìkódà. Ẹni tó ń fi díìsì Blu-ray wo fíìmù ni eARC wúlò fún jù.

*Optical.* Tí tẹlifíṣọ̀n tàbí áńpù kò bá ní ARC, èyí ló kù. Ó ń gbé Dolby Digital 5.1, ìyẹn ohùn mẹ́fà náà, dáadáa. Ẹ yọ ọ̀rá kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò kí ẹ tó kì í bọ̀, ẹ má sì ká a kọrọdọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀.

*Dìkódà tààrà sínú áńpù.* Tí áńpù bá ní HDMI IN, ẹ so dìkódà mọ́ ibẹ̀, kí HDMI OUT áńpù wá lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan máa ń sọ ohùn mẹ́fà tí dìkódà fún wọn di méjì kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ yí áńpù sí TV, D.IN tàbí HDMI, èyí tó bá ọ̀nà tí ẹ yàn mu, ẹ pa sípíkà tẹlifíṣọ̀n, kí ohùn sì ti inú áńpù nìkan jáde.

Ìgbésẹ̀ 4: Settings

Ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ṣì lè máa fi ohùn méjì ránṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló wà lórí PCM, èyí tó sábà máa ń fi ohùn méjì péré ránṣẹ́ níbí, láti ilé-iṣẹ́. Ẹ lọ sí Sound, lẹ́yìn náà Digital Audio Output. Ẹ yí i kúrò ní PCM sí Auto, Bitstream, Dolby Digital tàbí Pass Through, èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú dìkódà náà. Ó jọ ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń gbàgbé èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí ohùn rẹ̀ jẹ́ 5.1 ní tòótọ́. Lórí Netflix, àmì 5.1 máa ń wà lábẹ́ orúkọ fíìmù tàbí níbi tí wọ́n ti ń yan èdè.

*Àyẹ̀wò:* Ojú áńpù gbọ́dọ̀ kọ Dolby D, DD, DD+ tàbí ohun tó jọ ọ́. Tó bá ṣì ń kọ PCM, ẹ padà sí Settings.

Fíìmù Yorùbá tó wà lórí YouTube ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ohùn méjì ni wọ́n fi ṣe é, ìròyìn àti ọ̀pọ̀ ètò ilé wa náà sì rí bẹ́ẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ yí áńpù sí Dolby Pro Logic II, Dolby Surround tàbí Neural:X. Ó máa ń wá ohun tó dọ́gba ní òsì àti ọ̀tún, èyí tó sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, á sì gbé e sí sípíkà àárín. Ẹ yẹra fún All Channel Stereo. Ohun kan náà nìyẹn ń sọ nínú gbogbo sípíkà. Ó dára fún ọjọ́ ìkómọ, kò dára fún fíìmù.

Tí ẹnu òṣèré àti ohùn bá ń sáré ju ara wọn lọ, ẹ wá AV Sync tàbí Audio Delay. Tí ohùn bá ṣáájú, ẹ máa fi 20 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) kún un títí wọ́n á fi pàdé.

Ìgbésẹ̀ 5: Jíjìnnà àti agbára ohùn

Tí áńpù yín bá ní gbohùngbohùn kékeré tó ń ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tí orí yín máa ń wà, ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Tí kò bá ní, ẹ fi téèpù wọn láti ìjókòó dé sípíkà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sí Distance. Ohùn ń rin bíi sẹ̀ǹtímítà 34 láàárín 1 ms, áńpù á sì dá èyí tó sún mọ́ yín dúró díẹ̀ kí gbogbo wọn lè dé etí yín pọ̀.

Ẹ tún tan Test Tone, ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n etí, kí ẹ tún Level ṣe títí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fi kọ iye kan náà. 75 dB ló wọ́pọ̀. Bí fóònù kò bá tilẹ̀ péye, ohun tí a ń wá ni kí wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń fi 2 dB kún ti àárín, nítorí fáànù wa kì í sinmi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má gbé ti ẹ̀yìn sókè kó lè “hàn.” Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà, ó ti pọ̀ jù.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo ibi tí ènìyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Kí ohùn dúró sí ojú tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ tilẹ̀ sún sí ẹ̀gbẹ́ kan àga.

Ìgbésẹ̀ 6: Wúfà

Ẹ yí gbogbo sípíkà yòókù sí Small lórí áńpù. Crossover ni ibi tí áńpù ti ń gé báàsì kúrò lára sípíkà tó sì ń gbé e fún wúfà. 80 Hz bá sípíkà tó mọ níwọ̀n mu. Àwọn pẹ́ńpẹ́ inú páálí home theatre nílò 120 sí 150. Tí wúfà bá ní bọ́tìnnì crossover tirẹ̀, ẹ yí i dé òpin tàbí sí LFE (ọ̀nà báàsì tí áńpù ti gé tẹ́lẹ̀), kí ó má baà gé ohun tí áńpù ti gé.

Fún àyè rẹ̀, ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin tó ní ìlù wúwo sí i, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì máa rìn yí ìdí ògiri ká. Ibi tí ìlù bá ti ń dún kedere láìdààmú ni kí ẹ gbé e padà sí. Igun ògiri máa ń mú báàsì pọ̀, ó sì máa ń mú un dọ̀tí.

*Àyẹ̀wò:* Nínú ìlù kan tó yára, ẹ gbọ́dọ̀ lè ya ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì. Tí gbogbo rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, ẹ rẹ wúfà sílẹ̀ tàbí ẹ fà á kúrò ní igun.

Ìgbésẹ̀ 7: Ògiri, táìlì àti aládùúgbò

Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín pálọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ìró tó ń ta léraléra lẹ́yìn rẹ̀, búlọ́ọ̀kù àti táìlì ló ń ju ohùn padà. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sáàárín àga àti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì fi kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé. Ohun tí rọ́ọ̀gì ń ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Fún alẹ́, ẹ tan Night Mode tàbí DRC. Ó ń rẹ ìbọn àti ìbúgbàù sílẹ̀, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sókè. Nínú ilé alájà tí yàrá kan ògiri yàrá mìíràn, báàsì ló kọ́kọ́ ń dé etí aládùúgbò. Ẹ gbé wúfà kúrò lórí ilẹ̀ sórí fóòmù líle, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 5 dB lẹ́yìn agogo mẹ́wàá. LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, máa ń gba ẹ̀sùn ariwo, ṣùgbọ́n ó dára kí ọ̀rọ̀ má tíì dé ibẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi fíìmù sí ohùn tí ẹ máa ń lò lálẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ jáde sí kọ́rídọ̀. Tí ẹ bá lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù láti ibẹ̀, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, wúfà kí ẹ tó kan àwọn yòókù. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà tó tẹ́ àga lọ́rùn tí kò sì jáde dé kọ́rídọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sí ẹ̀yìn rìmóòtù, kí gbogbo ará ilé lè mọ̀ ọ́n.